Ẹ̀RỌ ÌGBỌ́RÀN ÀTI OHÙN ÈDÈ YORÙBÁ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

Ìfáárà
Bí olùkọ́ bá pe akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni aláìgbọràn. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé etí ọmọ náà ni kò gbọ́. Èròńgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé oríṣi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó wà àti bí wọ́n ṣe kan kíkọ́ èdè Yorùbá.

Oríṣi Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn
(i) Ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí: Ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ó ń gba ìró, ó ń sọ ọ́ di ńlá, ó sì ń tú u sínú etí láti ara ike tí wọ́n mọ bá ihò etí mu. Òun ló yẹ ọmọdé jù, nítorí pé bí etí ọmọ ti ń dàgbà, ike náà nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.
(ii) Ẹ̀rọ inú etí: Kò hàn síta púpọ̀. Àgbàlagbà ló bá mu, nítorí pé ihò etí ọmọdé ṣì ń fẹ̀ sí i. Èérí etí sì tètè máa ń dí i.
(iii) Ẹ̀rọ tó ń gba egungun: Egungun orí ló ń mú kí ó gbọ̀n, tí ìró fi ń dé etí inú. Ó wà fún àwọn tí a bí láìní ihò etí tàbí tí etí wọn ń ṣọyún lemọ́lemọ́.
(iv) Ẹ̀rọ abẹ́ awọ: Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń fi í sí i. Kì í sọ ìró di ńlá. Iná mànàmáná díẹ̀ ló fi ń jí iṣan ìgbọ́ràn. Ẹni tí ẹ̀rọ yòókù kò ràn lọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ẹ̀rọ àti Ohùn Èdè
Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ohùn nìkan ló ya igbá omi, igba owó àti ìgbà òjò sọ́tọ̀. Ìró tó rẹlẹ̀ nínú ohùn ènìyàn ló gbé èyí dání, nígbà tí ìró tó ga, tó sì lọ tín-ín-rín gbé s, ṣ àti f. Nítorí náà, ọmọ tí kò gbọ́ ìró tó ga mọ́ lè mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, síbẹ̀ kí sá, ṣá àti fá dàrú mọ́ ọn lójú. Yóò dáhùn ìbéèrè kan, yóò ṣi èkejì gbọ́. Èyí gan-an ló ń mú kí olùkọ́ rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ̀rọ tó ń sọ ìró di ńlá lè ràn án lọ́wọ́.

Ti ẹ̀rọ abẹ́ awọ yàtọ̀: ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ gan-an ni kì í gbé wọlé dáadáa. Ìwádìí lórí àwọn ọmọ tó ń sọ Mandarin, tí òun náà jẹ́ èdè olóhùn, fi èyí hàn. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àmì ohùn tí olùkọ́ fi sórí ọ̀rọ̀ lójú pátákó kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni ọ̀nà tí ojú fi ń gba ohun tí etí pàdánù.

Ojúṣe Olùkọ́
Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò sọ etí di tuntun. Ariwo kíláàsì pẹ̀lú ohùn olùkọ́ ló ń gbé wọlé pọ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ fi ọmọ náà sí iwájú, kí ó kọjú sí i bó bá ń sọ̀rọ̀, kí ó má ṣe máa sọ̀rọ̀ sí pátákó, kí ó sì yẹ bátìrì wò láràárọ̀.

Ìgúnlẹ̀
Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ tó bá fura sí etí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti rí i pé wọ́n yẹ etí náà wò kí ó tó mú ẹgba.