Ó Rẹ̀ Mí, Ó Sú Mi, Ayé Sú Mi

Ẹ dúró nítòsí géètì YABATECH ní àsìkò ìdánwò, tàbí níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Sábó, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Ó ti sú mi jàre." Òmíràn á ní ó rẹ òun. Òmíràn á ní ayé sú òun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà o.

"Ó rẹ̀ mí", ọ̀rọ̀ ara ni. Iṣẹ́ lè fà á, àìsàn náà lè fà á, torí àárẹ̀ kan náà la fi ń pe méjèèjì. Kó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ la máa ń wí fún ẹni tó bá sọ ọ́.

"Ó sú mi" kì í gbọ́ ti oorun. Ẹ bi ẹni tó sọ ọ́ pé kí ló sú u, á dárúkọ rẹ̀ fún yín: pọ́rójẹ́ẹ̀tì tí súpáfáísọ̀ ń dá padà ṣáá, kọ́ọ̀sì tó féèlì, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ tó jẹ oṣù mẹ́jọ mọ́ àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó lọ́wọ́ lọ́dún 2022. Ibí gan-an ni iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní life coach wà. Àwọn kan ń pè wọ́n ní agbaninímọ̀ràn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn ló ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìbéèrè ni ti àwọn wọ̀nyí, títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi gé iṣẹ́ rẹpẹtẹ sí wẹ́wẹ́, tí á dá ọjọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbaniníyànjú ló bá wọn mu jù. Ìyànjú yìí kan náà ló wà nínú "gbìyànjú": a gbà á níyànjú tán, òun fúnra rẹ̀ ló kù tí á gbìyànjú. "Kóòṣì" náà kò burú, àfi pé bọ́ọ̀lù ló ń múni rántí.

"Ayé sú mi" kọjá agbára kóòṣì. Ohun tó ń súni kò ní orúkọ mọ́. Nígbà mìíràn, "ara mi sú mi" ni wọ́n ń wí.

"Àǹtí, ayé sú mi."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ tí ayé fi sú ẹ? Lọ sùn, jọ̀ọ́."

Èsì "ó rẹ̀ mí" ni Àǹtí fọ̀ yẹn. Ẹ bi ọmọ náà ní tààrà: "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kí o pa ara ẹ?" Ìbéèrè yìí kọ́ ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Dókítà ló kàn.

Dókítà ọ̀hún kò jìnnà. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábà, ní Harvey Road. Ẹnu wa ló ń lé àwọn ọmọ sá fún un, àwa tá a sọ "Yábà lẹ́fìtì", orúkọ ìnagijẹ ibẹ̀, di yẹ̀yẹ́. Òfin ìjọba pàápàá, ti ọdún 1958, orúkọ wèrè ló ń jẹ́ títí wọ́n fi buwọ́ lu ti ìlera ọpọlọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe wèrè. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe é, ó sì ń gba ìtọ́jú, bí a ṣe ń wí nípa ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá sì ti ibẹ̀ dé, "Ṣé ara ti ń le?" la fi ń kí i.