Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Dá Bátìrì Lẹ́bi

Ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń lo iná oòrùn ní Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù àti agbègbè wọn

Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, àwọn ìlú mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà, iná mànàmáná tí ń ti orí òpó wá kì í ṣe ohun tí a lè gbójú lé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ télọ̀, onígbàjámọ̀, àwọn tí ń ta omi tútù àti àwọn tí ń gba iná sí fóònù fún ará ọjà fi yíjú sí oòrùn. Wọ́n ra páńẹ́ẹ̀lì, wọ́n ra ínfátà, wọ́n sì ra bátìrì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bátìrì ni ó sábà ń kọ́kọ́ gbó.

Bí iná bá kú lóru, ohun tí a sábà ń gbọ́ ni pé, “Bátìrì ti kú.” Wọn a gbé e tà fún ẹni tí ń ra àlòkù, wọn a sì yá owó ra tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wáyà tí kò dì dáadáa tàbí èérí orí páńẹ́ẹ̀lì ni ó fa àìsàn náà, bátìrì tuntun yóò tẹ̀lé àkọ́kọ́ lọ, gbèsè yóò sì wà nílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti wáyà, ti páńẹ́ẹ̀lì àti ti ínfátà kí a tó dá ẹjọ́ bátìrì.

BÁTÌRÌ MỌ́TÒ ÀTI BÁTÌRÌ ÌPAMỌ́

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe bátìrì olójé tí a lè gba iná sí léraléra, ní ọdún 1859. Títí di òní, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà ṣiṣẹ́: pẹlẹbẹ òjé tí a rì sínú omi ásíìdì. Bátìrì fóòtì 12 ní yàrá mẹ́fà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú fóòtì 2 àti díẹ̀ wá.

Ti mọ́tò ní pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ púpọ̀, kí ó lè tú agbára ńlá jáde ní àkókò kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì fi ń jí. Ti ìpamọ́ ní pẹlẹbẹ tí ó nípọn, kí ó lè máa fi iná sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí ó bá gbé bátìrì mọ́tò sí ìdí ínfátà, tí ó sì ń lò ó gbẹ ní alaalẹ́, kò ní pẹ́ kábàámọ̀. Ìdí kan náà ni ó fi yẹ kí ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn láti ọjà dé ọjà ní bátìrì ìpamọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí gbohùngbohùn bá fa bátìrì mọ́tò gbẹ, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kò ní dáhùn mọ́.

ÌDÁNWÒ KÌÍNÍ: NÍGBÀ TÍ BÁTÌRÌ BÁ SINMI

Mítà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹ yọ páńẹ́ẹ̀lì àti ẹrù kúrò lára bátìrì fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà kan orí méjèèjì. Èyí ni ìtumọ̀ ohun tí ẹ ó rí:

Fóòtì 12.6 sókè: ó kún.
Fóòtì 12.2: ó ku nǹkan bí ìdajì.
Fóòtì 11.8 sísàlẹ̀: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.
Fóòtì 10.5 tàbí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí a ti gba iná sí i: ó ṣeé ṣe kí yàrá kan nínú mẹ́fà ti kú.

Bátìrì olójé ni iye wọ̀nyí wà fún. Ti lítíọ́ọ̀mù ní iye tirẹ̀, èyí tí ìwé tí ó bá a wá yóò sọ.

ÌDÁNWÒ KEJÌ: NÍGBÀ TÍ Ó BÁ WÀ LẸ́NU IṢẸ́

Ẹ tan fáànù àti gílóòbù díẹ̀, kí ẹ sì tún wọn bátìrì. Bí fóòtì bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sí abẹ́ 11 nígbà tí ẹrù kéré, tí ó sì ti kún tẹ́lẹ̀, bátìrì ti rẹ̀ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n bí orí bátìrì bá ń fi 12.4 hàn, tí ẹnu ínfátà sì ń fi 11.2 hàn, bátìrì kò jẹ̀bi. Ojú ọ̀nà ni olè wà.

Láti mú olè náà, ẹ fi ọwọ́ kan mítà sórí bátìrì gan-an, kí ẹ fi ọwọ́ kejì sórí irin tí ó di wáyà mọ́ ọn, nígbà tí ẹrù ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òdo hàn. Bí ó bá fi ìdajì fóòtì hàn, ìsopọ̀ náà ti dípẹtà tàbí kò dì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìsopọ̀ àti fún fíúsì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ohun kékeré: ẹrù wáàtì 600 ń fa áńpìá 50 lára bátìrì fóòtì 12. Bí fóòtì 1 bá sọnù lójú ìsopọ̀ kan, wáàtì 50 ni ó ń di ooru níbẹ̀, irú ooru bẹ́ẹ̀ sì lè yọ́ rọ́bà ara wáyà, kí ó sì dáná sun ilé.

ÌDÁNWÒ KẸTA: ǸJẸ́ OÚNJẸ Ń DÉ ỌWỌ́ RẸ̀?

Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú, ẹ wọn bátìrì. Bí ó ti ń kún ni fóòtì yẹ kí ó máa gòkè títí dé 14 àti díẹ̀. Bí ó bá dúró sí 12 ní gbogbo ọ̀sán, ebi ni ó ń pa á. Ẹ yẹ fíúsì àti wáyà páńẹ́ẹ̀lì wò. Ẹ wo bóyá ẹ̀ka igi ti na òjìji bo páńẹ́ẹ̀lì. Ní àkókò ọyẹ́, ekuru a máa bo ojú rẹ̀. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní òwúrọ̀ kí ó tó gbóná.

Ebi tún lè wá láti inú àjẹjù. Bátìrì áńpìá-wákàtí 100 ní fóòtì 12 jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,200, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ó ku 600. Fáànù wáàtì 50 pẹ̀lú gílóòbù méjì oníwáàtì 5 jẹ́ 60. Wọn yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 tàbí kí ó dín díẹ̀, nítorí ínfátà pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀. Bí a kò bá pa ínfátà nígbà tí a kò lò ó, yóò máa jẹ ẹ́ síbẹ̀.

ÌTỌ́JÚ ÀTI ÌṢỌ́RA

Bátìrì tí ó ní ìdérí lórí ń fẹ́ omi. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Omi bátìrì tí a rà ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga tàbí omi inú ọ̀rá, nítorí iyọ̀ inú wọn ń ba òjé jẹ́. Ẹ má ṣe bu ásíìdì kún un. Bí omi bá ṣì bo òjé, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún fún iná kí ẹ tó bu omi sí i. Bátìrì tí ó bá sì wà ní ipò òfìfo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nǹkan funfun líle yóò bo òjé rẹ̀, kò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́. Ẹ má ṣe so ògbólógbòó pọ̀ mọ́ tuntun, nítorí èyí tí ó rẹ̀ ni yóò fa èyí tí ó lágbára lulẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bátìrì tí ń gba iná lè gbiná. Nítorí náà kí sìgá, àbẹ́là àti ẹ̀fọn abínà jìnnà sí i, kí fèrèsé sì ṣí. Ẹ bọ́ òrùka kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Wáyà orí tí ó ní àmì àyọkúrò ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun ni kí ẹ sì dè kẹ́yìn. Bí ásíìdì bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ tí ó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

BÍ Ó BÁ KÚ NÍTÒÓTỌ́

Bátìrì yóò kú lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́ ọ nínú ọgbà láti yọ òjé rẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, ọmọdé 18 ni ó kú láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008, ní àdúgbò tí wọ́n ti ń yọ òjé láti inú àlòkù bátìrì. Ekuru òjé tí ó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré lórí rẹ̀ ni ó wọ inú ara wọn. Èyí tí kò pa ọmọ lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé e ní odidi, pẹ̀lú ásíìdì rẹ̀ nínú, padà fún ẹni tí ń ta tuntun, kí ó yọ ẹ̀dínwó fún yín.

Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìdánwò mẹ́ta wọ̀nyí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó rà àti ohun tí kò yẹ. Nígbà mìíràn, fíúsì kan tàbí ìsopọ̀ tí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nù ni gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ kan nílò kí iná tó padà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bátìrì mọ́tò àti bátìrì ìpamọ́?
2. Bátìrì ń fi 12.4 hàn, ẹnu ínfátà ń fi 11.2 hàn. Níbo ni kí a wò?
3. Onígbàjámọ̀ kan ní bátìrì áńpìá-wákàtí 200 ní fóòtì 12. Bí kò bá fẹ́ lò ju ìdajì lọ, wáàtì-wákàtí mélòó ni ó lè ná?
4. Kí ni ó dé tí kò fi yẹ kí a fọ́ àlòkù bátìrì nínú ilé?