Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ọkọ̀ Tuntun

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó lo ìwé kíkà àti ìṣirò fún ohun tí owó ńlá wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tuntun mọ iye tí ó ná. Àwọn kan fi owó àjọ rà á. Àwọn mìíràn ṣì ń san gbèsè rẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ẹ́ńjìnì bá nọ́kù kí gbèsè tó tán, ọkọ̀ á dúró, ṣùgbọ́n gbèsè kò ní dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì tí a kò pààrọ̀ lásìkò lè pa ẹ́ńjìnì tí kò tíì gbó.

1. Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì ra ara wọn kíákíá. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n gbóná? Inú ẹ́ńjìnì kún fún irin tí ó ń ra irin, àwọn kan sì ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ni ó wà láàrin wọn kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Ó ń gbé ooru kúrò. Ó ń kó ìdọ̀tí lọ sínú fílítà. Kò sì jẹ́ kí irin dípẹtà.

Bí ọ́ìlì ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń gbó. Ooru ń sè é. Èéfín, omi díẹ̀díẹ̀, àti epo bẹntiróòlù tí kò jó tán ń wọ inú rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, á di bí ẹrẹ̀, á sì dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Irin tí ọ́ìlì kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á gbóná, á jẹ, á sì há mọ́ èkejì rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ ó gbọ́ tí mẹkáníìkì á sọ pé ẹ́ńjìnì ti nọ́kù.

2. Ìwé ni kí ẹ bi

Gbogbo ọkọ̀ tuntun ni ó ní ìwé ìlànà tirẹ̀. Inú àpótí kékeré tí ó wà níwájú ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni ó sábà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í yọ ọ́ nínú ọ̀rá rárá. Ẹ yọ ọ́, ẹ ṣí i. Bí ẹ kò tilẹ̀ tíì mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kà dáadáa, ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí: OIL, ìyẹn ọ́ìlì, KM, ìyẹn kìlómítà, àti MONTHS, ìyẹn oṣù. Níbi tí ẹ bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ ni ìdáhùn wà.

Ẹ ó rí i pé ìwé náà fún yín ní iye méjì, iye kìlómítà àti iye oṣù. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe dúró de èkejì.

3. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà awakọ̀

Àwọn àgbà awakọ̀ a máa sọ pé, “Ọkọ̀ tuntun, 500 máìlì ni kí o ti pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́.” Wọn kò purọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1969, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣe wí. 500 máìlì tó nǹkan bí 800 kìlómítà. Irin ẹ́ńjìnì ayé ìgbà náà kò dán tó ti òde òní. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rún irin á máa bọ́ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì ìgbà náà kò sì lè pẹ́ tó ti ìsinsìnyí.

Lónìí, ìwé ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Àwọn kan ní kí a mú ọkọ̀ wá fún àyẹ̀wò ní 1,000 kìlómítà. Àwọn kan ní kí a má ṣe da ọ́ìlì tí ó bá ọkọ̀ wá nù títí àkókò rẹ̀ á fi pé. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ aládùúgbò yín tọ́jú ọkọ̀ tiyín.

4. Ìlò líle

Ìwé ọkọ̀ sábà máa ń ya ìlò sí ọ̀nà méjì: ìlò wọ́ọ́rọ́wọ́ àti ìlò líle. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìlò líle ni kí a máa sá eré àsápajúdé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlò líle ni kí a máa rìn nínú eruku ọyẹ́. Ìlò líle ni kí a máa kó ẹrù wúwo. Ìlò líle ni ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnì kò fi ní gbóná dáadáa kí a tó pa á. Ìlò líle sì ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó àti Ìbàdàn. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, táyà dúró, kìlómítà kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ, ọ́ìlì sì ń gbó. Púpọ̀ nínú wa ni ìlò tiwa jẹ́ ìlò líle láìmọ̀.

5. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó

Ká ní ìwé ọkọ̀ kan sọ báyìí: ìlò wọ́ọ́rọ́wọ́, 10,000 KM tàbí 12 MONTHS, ìlò líle, 5,000 KM tàbí 6 MONTHS.

Awakọ̀ takisí kan ń rin 150 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. 150 lọ́nà 6 jẹ́ 900. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ti rin 4,500. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, yóò kọjá 5,000. Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó parí ni yóò pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ó bá ń dúró de oṣù mẹ́fà, ó ti ba ọkọ̀ jẹ́.

Ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń wa irú ọkọ̀ kan náà lọ sí ọjà àti ilé ìsìn tí kò jìnnà. 60 kìlómítà ni ó ń rìn lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 26, ìyẹn oṣù mẹ́fà, 60 lọ́nà 26 jẹ́ 1,560 péré. Síbẹ̀, oṣù ti pé. Ìyá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì.

6. Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ ní kíláàsì

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe tí ọ́ìlì bá ti dúdú ni ká pààrọ̀ ẹ̀?”

Rárá o, Bàbá. Ọ́ìlì tó ń fọ ìdọ̀tí á dúdú, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Òmíràn lè mọ́ lójú kí ó sì ti gbó. Kìlómítà àti oṣù ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má wo àwọ̀.

“Ilẹ̀ wa gbóná. Ṣé ọ́ìlì tó ki jù kọ́ ló dáa fún wa?”

Ẹ wo nọ́ńbà tí ìwé ọkọ̀ yín kọ, bíi 5W-30. Iye tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn sí nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Iye tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná. Èyí tí ìwé bá fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ rà. Ọ́ìlì tó bá ki ju bó ṣe yẹ lọ kì í tètè dé ibi tóóró tí wọ́n ń retí rẹ̀.

“Bí mo bá ń bu ọ́ìlì kún un, ṣé mo ṣì ní láti pààrọ̀ ẹ̀?”

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹni tó bu omi mímọ́ kún omi ìdọ̀tí kò tíì da ìdọ̀tí nù.

7. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Ẹ máa wo ọ́ìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fa gééjì yọ, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tún fà á yọ. Àárín àmì méjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ, ewu ni. Bí ó bá ga ju àmì òkè lọ, ewu ni pẹ̀lú, nítorí ọ́ìlì á máa hó, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Bí iná pupa tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì bá tàn níwájú yín lójú ọ̀nà, ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ilé kò jìnnà mọ́.

8. Ọjọ́ ìpààrọ̀

Ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín. Ẹ rí i pé ó pààrọ̀ fílítà bí ìwé ti wí. Ẹ ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì wo ìdérí rẹ̀ dáadáa, nítorí ayédèrú wà lọ́jà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ sílẹ̀ tàbí sí gọ́tà. Ó lè ba omi kànga jẹ́. Ẹ má sì fi í pa ara tàbí egbò, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ọjọ́ náà, iye kìlómítà, irú ọ́ìlì, àti ìgbà tí òmíràn yóò pé. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ fi pamọ́. Bí ẹ́ńjìnì bá ní àbùkù láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, àkọsílẹ̀ yìí ni ilé-iṣẹ́ yóò béèrè kí wọ́n tó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan kò ní ẹ̀rí.

ÌDÁNWÒ

1. Iṣẹ́ wo ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnì? Dárúkọ mẹ́ta.
2. Kí ni KM? Kí ni MONTHS?
3. Kí ló dé tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ fi jẹ́ ìlò líle?
4. Ọkọ̀ kan wà ní 12,350 KM nígbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Bí a bá gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn 5,000 KM, iye wo ni kí a kọ sílẹ̀ fún ìpààrọ̀ tí ń bọ̀?
5. Iṣẹ́ àtiléwá: Ẹ lọ sídìí ọkọ̀ yín, tàbí ti ará ilé yín. Ẹ ṣí ìwé ìlànà rẹ̀. Ẹ da iye kìlómítà, iye oṣù àti nọ́ńbà ọ́ìlì rẹ̀ kọ, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.