Ìyà Ìgbà Èwe

Ìyà tí ó bá jẹ ènìyàn ní kékeré kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, tí ebi ń pa, tàbí tí a ń lù bí ẹni lu bàrà, lè dàgbà tán kí ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ìgbà nì ṣì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyà èwe nìkan kọ́ ni ó ń pinnu bí ọjọ́ alẹ́ ẹni yóò ti rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní Ìmẹ̀kọ, nítorí ìbátan Kétu ni àwọn ará ibẹ̀. Ní ọdún 1886, ogun Dàhómì fọ́ Kétu, ó sì kó tọmọdé tàgbà ní ìgbèkùn. Ó di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì, láàárín ọdún 1892 sí 1894, kí àwọn tí ó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ọmọ ọdún 10 tí a kó lọ ti di géńdé kí ó tó tún fojú kan ilẹ̀ baba rẹ̀.

Irú ìgbèkùn bẹ́ẹ̀ ti dé bá Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, ṣáájú wọn, òun sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà. Ní ọdún 1821 ni a kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. A yà wọ́n nípá, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ayé fi sú u tí ó sì gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Àwọn míṣọ́nnárì gbà á tọ́ níbẹ̀; ó kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀ tún pàdé ní Abẹ́òkúta. Ọmọ tí ayé ti sú yìí ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní ọdún 1864. Ìgboyà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kọ́ ni ó gbà á là.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀ràn yìí wò. Ní ọdún 1998, Felitti, Anda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n bi àgbàlagbà tí ó lé ní 9,000 léèrè nípa ìgbà èwe wọn. Bí oríṣi ìyà tí wọ́n jẹ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìmukúmu ọtí ń pọ̀ láàárín wọn. Ní erékùṣù Kauai, Emmy Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí ní ọdún 1955 títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ìnira pọ̀ fún jù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta yanjú dáradára. Irú wọn sábà ní àgbà kan, ìyá àgbà tàbí olùkọ́, tí ó fẹ́ràn wọn tí kò sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹni tí ọgbẹ́ èwe bá tún ń dùn nígbà àgbà kò gbọdọ̀ tijú láti wá ìtọ́jú. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ó fi àwọn aláìsàn ọkàn wọ̀ sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Àwọn baba wa kò parọ́ tí wọ́n ní ènìyàn ni aṣọ.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń dá jókòó, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, kí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì fi tó àgbà tí ó ṣeé fọkàn tán létí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó gba Àjàyí là yàtọ̀ sí ìgboyà rẹ̀?
2. Báwo ni ètò Arò ṣe bá òwe “Ènìyàn ni aṣọ” mu?
3. Kọ àròkọ lórí àkọlé yìí: “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.”