Òkò Àbínújù Kì í Pa Ẹyẹ

Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n n kò tíì rí òwe tó bá ẹni tó di dráífà mú wí tó o. Dráífà ni ọ̀pá tó gùn jù nínú àpò agbágọ́ọ̀fù. Ó sábà máa ń tó íǹṣì 45, orí rẹ̀ sì tóbi bí ìkúùkù àgbàlagbà. Èèyàn á dì í mú, á rí bọ́ọ̀lù lórí tíì, èèkàn kékeré tí a ń gbé e lé, á rí bí ilẹ̀ ṣe tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níwájú, inú rẹ̀ á ru. Á gbé ọ̀pá sókè, á là á mọ́ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un. Kàkà kí ọ̀pá wá yí ara ká dé ẹ̀yìn ọrùn, á dúró gbagidi níwájú àyà. Apá á ká kò, ẹsẹ̀ á yẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì yà bàrá wọ igbó lápá ọ̀tún.

Ohun tí mo ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Ọmọ Ifẹ̀wàrà ni mí, abẹ́ kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù láti ọ̀dọ̀ wa á gba Iléṣà, á gba Ìbòkun, kó tó dé Àdá, níbi tí Ọmọọba Tunde Ponnle tẹ́ pápá oníhò 18 sí nínú ọgbà ìtura MicCom. Orí pápá ni ọmọkùnrin kan tó ń bá mi gbé àpò, kádì tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ti wò mí títí, tó wá ní, “Ẹ má bínú o, ọ̀gá. Iyán lẹ̀ ń gún. Ẹ ṣe é bí ẹni tó ń ṣánko.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi padà sí oko bàbá mi. Ọmọ odó kì í kọjá inú odó. Tó bá ti bá iṣu, ó ti dé ibi tó ń lọ nìyẹn, a ó tún gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń ṣánko lábẹ́ kòkó. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, orúnkún rẹ̀ rọ̀. Àdá ti ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún wá, ó gba ìdí koríko kọjá, ó lọ sókè lápá òsì. Koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wó nígbà tí àdá ti dé òkè. Èmi tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, koríko ni mò ń wò, koríko náà ni mò ń lù. Àdá mi á dé ìdí rẹ̀, á dúró. Koríko á tẹrí ba, á sì tún dìde. Kó tó di ọ̀sán, ọrùn ọwọ́ á ti máa ro mí. Bàbá mi kì í jágbe mọ́ mi. Á kàn ní, “Ẹ̀rù ń ba àdá rẹ. Jẹ́ kó kọjá.”

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí ìfì rẹ̀ kì í dópin mú dání nìyí: bọ́ọ̀lù kọ́ ni ibi tí ọ̀pá ń lọ, ojú ọ̀nà ló wà. Ojú ọ̀pá kì í kan bọ́ọ̀lù ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kí ọwọ́ tó mọ̀ pé òun ti kàn án, bọ́ọ̀lù ti lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìgbà náà kò lè yí ọ̀nà bọ́ọ̀lù padà, òótọ́ ló sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A rí àwòrán àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, bí ọ̀pá ṣe wà lẹ́yìn ọrùn wọn, a wá ń fi tipátipá gbé ọwọ́ débẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀pá ti kú tán. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹlẹ́rìí ni ìparí tó kù díẹ̀ káàtó, òun kọ́ ló dá ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Òfin gọ́ọ̀fù ní bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ, ẹyin adìẹ tó dáa wúwo jù bẹ́ẹ̀. Kí la wá ń gan apá sí? Ẹni tó fẹ́ ṣánko láti àárọ̀ di ọ̀sán kò lè fún èèkù àdá mọ́wọ́ bí a ṣe ń fún ọ̀pá yìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bó kí oòrùn tó mú. Bí ọwọ́ bá le, ọrùn ọwọ́ á le, èjìká á kọ̀ láti yí, ìgúnpá òsì á sì yọ síta bí apá adìẹ. Kí ẹ tó gbé ọ̀pá sẹ́yìn, ẹ mí síta, kí ẹ jẹ́ kí ìka dẹ̀. Ọ̀pá kò ní já bọ́.

Lẹ́yìn ọwọ́ ló kan ẹsẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá a ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kí ọlọ́wọ́ òsì yí i padà. Ara tó bá kù sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún kò lè parí ohunkóhun. Dráífà fúnra rẹ̀ ló ń tan ni. Nítorí pé a gbé bọ́ọ̀lù lé tíì, ní ọ̀gangan gìgísẹ̀ òsì, a rò pé àfi ká fara ti ẹ̀yìn ká sì fi ọ̀pá bù ú sókè. Bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀pá ti dagun láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó sábà máa ń jẹ́ dìgírì 9 sí 12, òun ni yóò gbé e sókè. Kí ìbàdí kọ́kọ́ yí síwájú, kí àyà tẹ̀ lé e, kí apá máa bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá parí dáadáa, ojú bẹ́líìtì yín á máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù lọ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni yóò kan ilẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn yín á sì rí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà. Gary Player, ọmọ South Africa tó gba ife ẹ̀yẹ ńlá 9, a tilẹ̀ máa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú lẹ́yìn tó bá ti gbá a tán, bí ẹni tó ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ dán an wò. Ẹni tí ara rẹ̀ wà lẹ́yìn kò lè gbé ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ tó ràn mí lọ́wọ́ jù kò gba bọ́ọ̀lù kankan. Ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ifẹ̀wàrà, lórí ilẹ̀ tí a ti ń sá kòkó, mo dorí dráífà kodò, mo di ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ mú, mo sì ń fì í ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Yóò ké: fùù. Etí ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní ọ̀gangan èjìká ọ̀tún, ẹ ti ná owó tán kí ẹ tó dé ọjà nìyẹn. Ibi tí bọ́ọ̀lù ìbá wà, tàbí iwájú rẹ̀ díẹ̀, ni kí ohùn náà ti le jù. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí ohùn yẹn tó kúrò létí ọ̀tún mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ rí i pé kò sí ọmọdé nítòsí kí ẹ tó fì í.

Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó yí ìka ẹsẹ̀ òsì síta díẹ̀ kó tó gbá a. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ti gan, kó jẹ́ kí gìgísẹ̀ òsì gbéra nígbà tí ọ̀pá ń lọ sẹ́yìn. Ìparí gbogbo wa kò lè rí bákan náà. Nígbà ayé Arnold Palmer ti Amẹ́ríkà, a máa fi ọ̀pá yípo lókè orí, bẹ́ẹ̀ ìlú mọ̀ ọ́n ká. Bí afẹ́fẹ́ bá sì le, àwọn tó mọṣẹ́ a máa dìídì gé ìparí kúrú kí bọ́ọ̀lù má baà ga jù. Àwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ifẹ̀wàrà bá Ifẹ̀ tan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la wà, a sì mọ ìtàn Òṣómàáló dáadáa. Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ láwìn á padà wá gbowó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó lòun máa ló títí owó òun yóò fi pé. Bí mo ṣe ń dúró lẹ́yìn tí mo bá gbá dráífà nìyẹn. N kì í gbé ẹsẹ̀, n kì í sọ ọ̀pá kalẹ̀, mo ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí n kò bá lè dúró dé ẹ̀ta, agbára tí mo lò ju ara mi lọ, mo ní láti dín in kù nígbà tó kàn. Àwọn mìíràn rò pé bí a bá dín agbára kù, bọ́ọ̀lù kò ní jìnnà. Kí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣe é kí wọ́n tó jiyàn.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ kádì yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ó fi tíì mọ́lẹ̀, ó gbé dráífà lé mi lọ́wọ́, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mí síta. Ìka mi dẹ̀. Ọ̀pá lọ sẹ́yìn, ó bọ̀, ó kọjá, n kò sì mọ̀ pé ó kan nǹkan kan lójú ọ̀nà. Mo bá a lẹ́yìn ọrùn mi, ojú bẹ́líìtì mi kọjú sí àsíá. Mo dúró. Ení, èjì, ẹ̀ta. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lókè.