Etí Ọmọ Ọwọ́ Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá gbé ọmọ ọwọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìbáà ṣe láti Èkó sí Àbújá tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ tí ó ti ń sùn jẹ́ẹ́ lè ṣàdédé figbe ta nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe ìjàngbọ̀n. Etí ni ó ń dùn ún.

Ihò tóóró kan so inú etí pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀fun. Bí ọkọ̀ bá ti ń sọ̀kalẹ̀, agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa pọ̀ sí i, a sì máa ti awọ ìlù etí sínú, àfi bí ihò náà bá ṣí. Gbígbé nǹkan mì ni ó ń ṣí i. Àgbàlagbà a gbé itọ́ mì. Ọmọ tí ó sùn kì í sábà gbé e mì.

Nítorí náà, ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ tó balẹ̀, ẹ jí ọmọ, kí ẹ sì fún un lọ́mú. Kí èyí tí a ti já lẹ́nu ọmú máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀finkìn bá ń ṣe é, tàbí etí ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò.

Àwọn ìyá mìíràn a máa fún ọmọ ní oògùn ikọ́ tí ń múni sùn, kí ó má baà yọ àwọn èrò lẹ́nu. Ẹ má ṣe é. Igbe ọmọ kò pa èrò kankan rí. Oògùn bẹ́ẹ̀ lè ṣèdíwọ́ fún mímí ọmọ, ọmọ tí ó sì sùn fọnfọn kò ní lè mu ọmú nígbà tí etí rẹ̀ nílò rẹ̀ jù lọ.