Ọkọ̀ Onírọ́bà Kékeré: Aṣeéká àti Onídìí Líle

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ onírọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń gbé èrò láti ara ọkọ̀ ńlá lọ sí èbúté. Aṣeéká rọ̀ látòkè délẹ̀: afẹ́fẹ́ ló gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, afẹ́fẹ́ ló wà nínú ilẹ̀ tí èrò ń tẹ̀, pátákó ẹ̀yìn tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ nìkan ló le. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde tán, kíká ni wọ́n ń ká a bí ẹní, ó di inú àpò. Onídìí líle kò ṣeé ká. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Fáíbà tàbí àlùmíníọ̀mù ni ìdí rẹ̀, ó sì ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀ kó lè máa la omi.

Aṣeéká ló dàgbà jù. Ọ̀kan tó gùn tó nǹkan bíi mítà 4.5 ni Alain Bombard, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ta ìgbòkun sí lọ́dún 1952, tó fi la òkun Àtìláńtíìkì já láti Las Palmas dé Barbados fún ọjọ́ 65. Kí ọ̀dọ́ awakọ̀ má ṣe fojú tín-ínrín aṣeéká. Onídìí líle jáde láàárín àwọn ọdún 1960 ní ilé ẹ̀kọ́ Atlantic College ní Wales. Wíwọ́ tí wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ onírọ́bà ilé ẹ̀kọ́ náà lórí etíkun ló ń jẹ wọ́n nídìí. Wọ́n wá lẹ pákó mọ́ abẹ́ wọn, ibẹ̀ ni ọgbọ́n tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí awakọ̀ tuntun sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á ni bó ṣe ń sáré tó. Àgbà kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ yóò máa sùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Aṣeéká onímítà 2.6 a máa wúwo tó nǹkan bíi kílò 25 sí 30. Èèyàn méjì á gbé e láìmí gúlegúle. Onídìí fáíbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lè tó kílò 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì tíì ka ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò ní irin tí yóò fi gbé e kọ́ sára ọkọ̀ ńlá, tí kò ní tírélà, tí kò sì ní àyè nílé, wàhálà ló fowó rà.

Lójú omi ni onídìí líle ti ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ge ìgbì, ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́ tó ń darí rẹ̀, ó sì gba ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Bí omi bá ru, ilẹ̀ aṣeéká a máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ a sì máa tì í kúrò lójú ọ̀nà. Àmọ́ fún ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lórí omi tó dákẹ́, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ jẹ gbèsè.

Ẹ̀bi tí wọ́n ń dì ru aṣeéká, ẹ̀bi ẹni tó fẹ́ ẹ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nǹkan bíi 0.25 bar ti tó ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi 0.7 bar. Òwú wẹ́wẹ́ tó pọ̀ jáǹrẹrẹ ló so òkè ilẹ̀ náà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pé, a le bíi pákó. Ẹni tí apá rẹ̀ ti rọ nídìí páǹpù kó tó dé ìwọ̀n yẹn ló máa ń sọ pé ọkọ̀ náà kò dáa. Kí wọ́n fẹ́ gbogbo yàrá ẹ̀gbẹ́ dé ìdajì, kí wọ́n fẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n tó wá padà kún ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá wọ́ ọ sórí yanrìn nínú oòrùn ọ̀sán, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ díẹ̀, torí ooru ń mú un wú. Yanrìn náà tún ní tirẹ̀. Ó máa ń há sójú ibi tí ilẹ̀ ti kan ẹ̀gbẹ́, a máa ha rọ́bà díẹ̀díẹ̀ bí ayùn títí yóò fi jò. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣàn án, wọn kì í sì í ká a lómi lára.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe rọ́bà ẹ̀gbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Hypalon ń fara da oòrùn ju èyí tí wọ́n ń pè ní PVC lọ, owó rẹ̀ sì ga. Nílẹ̀ olóoru bíi etí ọ̀sà Èkó, PVC tó ń sùn síta a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bó bá pẹ́, ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ a sì máa tú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù ọ̀kan kì í mú èkejì.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, kí wọ́n fẹ́ ọkọ̀ náà kó le, kí wọ́n fi omi ọṣẹ pa ojú fáàfù àti ojú ìlẹ̀pọ̀, kí wọ́n sì padà wò ó ní déédéé wákàtí yẹn lọ́jọ́ kejì. Òtútù òwúrọ̀ nìkan lè mú ọkọ̀ tó dá ṣáká rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dá a lẹ́jọ́ ní ìdájí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ka àkọlé kékeré tó wà lára pátákó ẹ̀yìn: iye èrò, iye kílò, agbára ẹ́ńjìnnì tí kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá ní àkọlé yẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.